Báńà tí mo so mọ́ tata Bàbá Sádíà

Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe. Ó ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba Mowe kọjá, ẹ ó ti rí tata onírin ńlá kan lẹ́bàá ọ̀nà, aláwọ̀ ewé, tó ga tó ilé. Bàbá Sádíà, wẹ́dà tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ló fi páìpù àlòkù àti ìdajì dúróòmù ṣe é. Iná ọ̀kadà ni wọ́n fi ṣe ojú ẹ̀! Àwọn èèyàn ń wá yà á ní fọ́tò, kódà àwọn sitúdẹ́ńtì láti Ìbógun. Èmi onídìrí, ṣé mi ò jẹ níbẹ̀? Tí wọ́n bá ya fọ́tò tán, òmíràn á ní kí n bá òun dirun.

Nígbà tí Bàbá Sádíà fẹ́ lọ sílé ní Ìkirè, wọ́n ní kí n bá àwọn mójú tó tata, kí ẹnikẹ́ni má gùn ún, kí wọ́n má sì so nǹkan kan mọ́ ọn. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu.

Wọn ò tíì lo ọjọ́ méjì tí ọ̀kánjúà fi wọ̀ mí lẹ́wù. Mo lọ tẹ báńà ṣọ́ọ̀bù mi, ó fẹ̀ ju aṣọ ìkélé lọ, mo so ó mọ́ ẹsẹ̀ tata láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ta ni ò ní rí i?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìjì dé. Báńà gba atẹ́gùn sínú, ó wú, ó ń fa tata. Mo ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Ṣebí kí n sáré lọ tú u ni! Irun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ni mò ń rò, kí òjò má pa á. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì já níbi tí wọ́n ti jó o pọ̀, tata dojú délẹ̀. Ọlọ́run yọ wá, kò wó lu ẹnikẹ́ni.

Ẹ mọ ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe? Mo tú báńà mi, mo ká a, mo tì í sábẹ́ àga.

Bàbá Sádíà dé, mo ní ìjì ni. Irọ́ kọ́, àbí? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fọwọ́ pa ojú ibi tí irin ti já, wọ́n ní àwọn ni ò jó o dáadáa, ojú àwọn ò ríran tó mọ́, ọwọ́ àwọn ti ń gọ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ifọ̀ ní kí wọ́n wá ṣe labalábá ńlá fáwọn. Bàbá kọ̀ ọ́. Wọ́n ní tó bá wó lu ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́?

Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi tí mo ṣu gan-an ò gbàgbé!

Lọ́jọ́ Àìkú, bí mo ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo gbé báńà náà, mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo jẹ́wọ́. Mò ń retí kí wọ́n bú mi. Wọ́n tẹ́ báńà sílẹ̀, wọ́n ń fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, wọ́n wá bi mí pé:

"Ìyá Dárà, ṣé ọwọ́ mi ò tíì bàjẹ́ nìyẹn?"

"Ọwọ́ yín ò ṣe nǹkan kan, Bàbá."

Ẹ̀rín ni wọ́n rín. Wọ́n pe òtẹ́ẹ̀lì níwájú mi, àwọn yẹn ní ẹlòmíràn ti ń ṣe labalábá náà. Bàbá ní kò burú, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n lọ bá tata wọn. Inú wọn ń dùn, ìyẹn sì dùn mí ju èébú lọ.

Mo ti wá mọ̀ pé èèyàn lè dákẹ́ kó sì ti purọ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ń ru ẹ̀bi yín kiri, tí ẹ̀ ń kí ní "ẹ kú iṣẹ́" láràárọ̀?