Ogójì Ọmọ, Ìdáhùn Kan

Ẹni tó máa ń fura ni mí, mi ò ní purọ́. Bí ẹnì kan bá ń rẹ́rìn-ín sí mi jù, mo ti ń ro ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ìyá mi ní ọjọ́ tí wọ́n bí mi gan-an ni mo ti ń wo nọ́ọ̀sì bí ẹni pé ó fẹ́ pààrọ̀ mi. Wọ́n á sọ ọ́ tán, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ohun tí ìwà náà gbà lọ́wọ́ mi.

Àwọn ọdún 1980 ni. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan jọ ń gbé yàrá kan ní Àgbowó, lódìkejì títì sí yunifásítì. Rúùmì ni mo ń pè é, Rúùmì lòun náà ń pè mí. A wà ní ọdún àṣekágbá nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ni, olúkúlùkù wa sì gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ ìwádìí kan kó tó lè gba ìwé ẹ̀rí. Tèmi dá lórí ìṣirò. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá bí ilé ọmọ ṣe rí ló ń mú kó fẹ́ràn ìṣirò tàbí kó máa sá fún un. Mo kọ ìwé ìbéèrè lédè Yorùbá fún àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ méjì, ọ̀kan ní Bódìjà, ọ̀kan ní Móníyà. Ta ló ń kọ́ ọ ní ìṣirò nílé? Iná wo lẹ fi ń kàwé? Kí lò ń ṣe láàárọ̀ kí o tó wá sílé ìwé? Ṣé ẹ̀rù ìṣirò máa ń bà ọ́? Ọ̀gá mi, ìyẹn olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, ní kí n jẹ́ kí àwọn ọmọ fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́, kí wọ́n lè fi rọ́bà pa á rẹ́ bí wọ́n bá ṣì í kọ.

Mo fi iṣẹ́ náà falẹ̀ títí ó fi ku ọjọ́ kan péré kí ilé ìwé gba ìsinmi. Mi ò lè wà ní Bódìjà kí n tún wà ní Móníyà lọ́jọ́ kan náà, ni Rúùmì bá ní òun á bá mi lọ sí Móníyà. Mo dúpẹ́, àmọ́ mo kìlọ̀ fún un.

“Má fi ìwé sílẹ̀ fún olùkọ́ kankan o. Jókòó ti àwọn ọmọ yẹn títí wọ́n á fi kọ ọ́ tán.”

“Ìwọ obìnrin yìí! Ẹ̀ẹ̀kẹrin tí o máa sọ ọ́ rèé.”

Ó dé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ogójì ìwé, ó fi okùn dì wọ́n dáadáa. Mo bi í bóyá ó jókòó tì wọ́n.

“Mo jókòó. Jẹ́ n jẹun ná, ebi ń pa mí.”

Kò wojú mi nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Mo rí i, mo sì fi í sínú.

Lọ́jọ́ kejì mo bẹ̀rẹ̀ sí í to ìdáhùn. Ti Bódìjà rí játijàti bí ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn ṣe máa ń rí: ìyá ló ń kọ́ ẹnì kan, ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́ òmíràn, kò sẹ́ni tó ń kọ́ ẹlòmíràn rárá. Mo wá ṣí ti Móníyà. Bàbá ọmọ ìkíní ló ń kọ́ ọ ní ìṣirò. Bàbá ọmọ kejì náà ni. Nígbà tí mo fi máa dé ìparí, ogójì bàbá ló ń kọ́ ogójì ọmọ. Gbogbo wọn ló ń fi iná mànàmáná kàwé. Gbogbo wọn ló ń ka ìwé láàárọ̀ kí wọ́n tó wá sílé ìwé. Ẹ̀rù ìṣirò kò ba ẹnì kankan. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, àyà mi já.

Mo kó o lọ bá ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì wọn. Wọ́n yẹ ìwé mẹ́fà wò, wọ́n gbé awò ojú wọn sókè sí iwájú orí.

“Móníyà wo lèyí? Ṣé èyí tí èmi náà mọ̀?”

“Òun ni sà.”

“Ìwọ lo kọ nǹkan yìí.”

“Háà! Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn ọmọ ló kọ ọ́.”

“Ogójì ọmọ ò lè ní bàbá kan ṣoṣo. O jókòó sí yàrá rẹ, o dá ìdáhùn kọ. Mo ti rí irú yín rí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fún ọ. Bí o kò bá mú ojúlówó wá, o ò ní bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ jáde lọ́dún yìí.”

Mi ò mọ ìgbà tí mo rìn dé Àgbowó. Ilé ìwé ti gba ìsinmi, níbo ni mo ti fẹ́ rí ogójì ọmọ kó jọ? Ìyá mi ti ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun ń jáde lọ́dún yìí. Inú bí mi. Ta ló sì gbé ìwé náà lọ? Ta ló gbé e bọ̀? Ta ni ò wojú mi?

Látìgbà yẹn ni mo ti ń ṣọ́ Rúùmì. Mo yẹ ìwé náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo wá rí i pé wọ́n ti fi rọ́bà pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n tó tún un kọ. Ojú ìwé dọ̀tí, ó ti fẹ́lẹ́. Mo ní àwárí rèé! Ó ń kọ, ó ń ṣì í, ó ń pa á rẹ́. Mo wo rọ́bà tó wà lórí tábìlì rẹ̀, ó ti tín-ín-rín. Mo wá a lẹ́nu wò. Àwọ̀ wo ni wọ́n kun kíláàsì yẹn? Fèrèsé rẹ̀ jẹ́ mélòó? Ó dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan, ó dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí mo béèrè bóyá hẹdimásítà ní irùngbọ̀n, ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

“Kí ló dé? Ṣé o ti di ọlọ́pàá ni?”

Mo rín ẹ̀rín yẹ̀yẹ́. Nígbà tó lọ wẹ̀, mo ṣí báàgì rẹ̀, mo mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, mo fi ọ̀nà tó ń gbà kọ “g” wé ti àwọn ọmọ. Ó máa ń ká ìrù rẹ̀ kò. Nínú ogójì, méje ló ká ìrù kò. Èmi tí mo ń ṣe ìwádìí nípa ìṣirò, méje nínú ogójì tó fún mi láti dá ènìyàn lẹ́bi! Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, àmọ́ lọ́jọ́ náà inú mi dùn bí ẹni tó mú olè.

Mo ti kọ ojú ewé ìdúpẹ́ sílẹ̀ ṣáájú, èyí tó máa ń wà níwájú iṣẹ́ ìwádìí. Lẹ́yìn Ọlọ́run àti àwọn òbí mi, orúkọ Rúùmì ló tẹ̀ lé e. Mo mú báírò, mo fà á lé orúkọ náà lórí lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì kó ewé náà lọ fún obìnrin tó ń bá wa fi ẹ̀rọ tẹ̀wé nítòsí ilé. Mi ò ronú pé obìnrin náà mọ àwa méjèèjì. Ó rí Rúùmì tó ń kọjá, ó ní, “Ẹ wá bá mi mú èyí fún ẹnì kejì yín,” ó sì fi èyí tí mo fọwọ́ kọ lé èyí tó tẹ̀ lórí.

Rúùmì wọlé, ó gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì mi.

“Kí ni mo ṣe?”

Ohun tí mo ti ń dì mọ́ra bú jáde. Mo sọ ti rọ́bà, mo sọ ti ìrù “g”, mo sọ ti ojú tí kò lè wò mí. Mo ní ó fẹ́ kí n kù sẹ́yìn kí òun nìkan jáde. Kò pariwo. Ó ní, “Èmi? Èmi ni mo jókòó kọ ogójì ìwé?” Mo ní, “Ta ló tún gbé e lọ?” Ó kó aṣọ rẹ̀ sínú àpótí, ó sì gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ ní Apẹ́tẹ̀. Mo jókòó sí yàrá, mo ń sọ fún ara mi pé ẹni tí kò jẹ̀bi kì í palẹ̀ mọ́. Mo gbà á gbọ́, ẹ jọ̀ọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan ló kù nígbà tí mo wọ bọ́ọ̀sì Móníyà. Mo ń wá olùkọ́ kíláàsì náà, kó lè sọ ọ́ lójú mi pé ẹnì kankan ò gbé ìwé wá. Mo béèrè ilé wọn títí wọ́n fi júwe rẹ̀. Màmá onítìjú kan ni mo rò pé màá bá, ṣùgbọ́n obìnrin ńlá aláyọ̀ kan ló jáde, nínú aṣọ funfun ìjọ aládùúrà, kò wọ bàtà, ó ń múra àtilọ sóde ìsìn. Bí mo ṣe dárúkọ yunifásítì, ó gbá mi mọ́ra.

“Ọmọ mi! Ṣé wọ́n yege?”

“Àwọn ta ni mà?”

“Àwọn ọmọ mi nù un! Ìdánwò tí ẹ gbé wá.”

Màmá náà ní kí n jókòó. Wọ́n ní ọmọ tó dáa lọ̀rẹ́ mi, ó kúnlẹ̀ kí àwọn. Ó ní òun fẹ́ jókòó ti àwọn ọmọ, wọ́n ní rárá o, kó lọ sinmi ní ọ́fíìsì hẹdimásítà, ṣé àwọn á jẹ ìwé ni? Kò lè bá àgbà jiyàn. Nígbà tí àwọn ọmọ kọ ọ́ tán, màmá gbà á, wọ́n máàkì í.

“Háà, ọmọ mi, gbogbo wọn ló feèlì! Ọ̀kan ní omi lòun ń pọn láàárọ̀. Ọ̀kan ní ẹ̀rù ìṣirò ń ba òun. Ọ̀pọ̀ ní àwọn ń lo àtùpà! Ṣé ohun tí èèyàn á kọ ránṣẹ́ sí yunifásítì nìyẹn? Mo kọ ìdáhùn sí pátákó, mo ní kí wọ́n ṣe kọrẹ́kíṣọ̀n. Ẹni tí kò pa tàkọ́kọ́ rẹ́ dáadáa, mo fún un ní ẹgba méjì. Ṣé wọ́n yege?”

Mo ní, “Wọ́n yege mà.” Wọ́n ké halelúyà, wọ́n fún mi lómi mu.

Nígbà tí mo délé, mo gbé ìwé náà sí ojú fèrèsé. Rọ́bà ti kó dúdú pẹ́ńsùlù lọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yẹn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an, ipa rẹ̀ ṣì wà. Bí mo ṣe ń yí i sí ìmọ́lẹ̀ ni mò ń rí wọn. “Kò sẹ́nì kankan.” “Àtùpà.” “Mo ń gbọ̀n bí wọ́n bá pè mí síwájú.” Mo dé ọ̀dọ̀ ọmọ kan tó kọ “bàbá mi” sórí, mo yí i, mo rí ohun tó kọ́kọ́ kọ: “Bàbá mi ti kú.” Mo sunkún. Mo sunkún fún ọmọ yẹn, lẹ́yìn náà mo sunkún fún ara mi, nítorí ọwọ́ mi ni ìwé yìí wà láti ọjọ́ yìí, “g” ni mò ń wò.

Mo sọ ohun tí màmá náà ṣe fún ọ̀gá mi, àwọn náà yí ìwé náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wọn. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà, wọ́n yọ awò ojú wọn. Wọ́n ní kí n lo ohun tí mo bá rí kà lábẹ́, kí n sì kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, láìfi nǹkan kan pamọ́. Wọ́n wá ní, “Mo fi ẹ̀sùn kàn ọ́ láìṣèwádìí. Jọ̀ọ́, má bínú.” Ó tán síbẹ̀. Báyẹn ni mo ṣe bá ẹgbẹ́ mi jáde.

Mo tún ojú ewé ìdúpẹ́ tẹ̀, mo gbé e lọ sí Apẹ́tẹ̀. Rúùmì jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ka ewé náà dé ìsàlẹ̀.

“Mo purọ́ fún ẹ pé mo jókòó tì wọ́n,” ó ní. “Mi ò lè bá màmá yẹn jiyàn, mo sì mọ̀ pé o máa pariwo. Ohun tí èmi ṣe nìyẹn. Má bínú.”

“Mi ò bínú rárá, Rúùmì. Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́.”

“Ó dáa. Ọjọ́ tí o lọ sí Móníyà, kí lo lọ ṣe?”

Mo ti la ẹnu láti sọ pé mo lọ wádìí òtítọ́. Ó ń wò mí, ó sì mọ̀ mí dáadáa.

“Mo lọ wá ẹlẹ́rìí.”

“Fún ta ni?”

“Fún ara mi,” mo ní, “kí n lè dá ẹ lẹ́bi.” Rúùmì dá ewé náà padà sí mi lọ́wọ́, ó gbé ẹ̀wà rẹ̀, ó sì wọlé lọ.