Ẹ Má Bá A Lu Tirẹ̀

Bí ẹ bá gba ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Kambolé kọjá láago mẹ́wàá òwúrọ̀, ẹ ó gbọ́ ìlù tó ní ihò. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ihò ni mo wí. Ìlù á máa lọ geere, ẹsẹ̀ yín á ti fẹ́ máa bá a lọ, á ṣàdédé dákẹ́ níbi tí kò yẹ kó ti dákẹ́. Á tún gbéra, á tún dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Àlejò á ní àwọn ọmọ náà ò mọ ìlù ú lù. Àwa onílé kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ṣe là ń yára kọjá.

Ẹni tó kọ́ wọn ni Kàrímọ́tù, ọmọ Bàbá Àdìó oníṣu, tí gbogbo ìlú ń pè ní Màdáàmù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí wọ́n mú un fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, tó ń ta aṣọ ní àdúgbò Kouloundè ní ìlú Sokodé, pé kó bá wọn tọ́ ọ. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. A ó mú ọmọ fún ẹni tójú rẹ̀ là ju tiwa lọ, a ó ṣàdúrà sí i lórí, ó parí. A kì í bi ẹni tó ń báni tọ́mọ pé yàrá wo lọmọ yóò sùn. Ẹni tó bá béèrè, àrífín ló ṣe. Obìnrin yẹn tọ́ Kàrímọ́tù bí ọmọ inú ara rẹ̀, ó rán an nílé-ìwé títí ó fi gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, ó sì padà wálé wá ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tó mọ adùn àṣà yẹn tó o. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Kíláàsì tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, háà! Ọmọ mọ́kànlélógójì lábẹ́ àtíbàbà oníkoríko. Eléyìí ń fa irun tọ̀hún, tọ̀hún ń sunkún, àwọn méjì ti sùn lọ fọnfọn. Ó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tó sú u, ó ní kí oníkálukú mú ohun tó lè dún wá lọ́jọ́ kejì: kẹ́ẹ̀gì epo tí à ń pè ní bídọ̀, agolo mílíìkì, igbá, odó tó ti là. Ó mú wọn jókòó yípo. Nàfísátù, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Fàwásì, ni yóò ṣí i lórí bídọ̀ òróró: pá, pá, pá, ìró mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, oníkálukú á lu ẹyọ kan péré, ẹni tó tẹ̀lé e á gbà á, ìró á máa yí lọ bí ìgbà tí wọ́n ń gbé igbá omi fún ara wọn. Bí ọkàn ẹnìkan bá ṣáko, omi ti dà nù nìyẹn, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀.

Òfin eré náà ò ju ẹyọ kan lọ. Bí ẹnìkan kò bá lù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lù ú fún un.

"Ẹ má bá a lu tirẹ̀," Màdáàmù á wí. "Ẹ jẹ́ kó dákẹ́ níbẹ̀, kí gbogbo wa gbọ́ pé kò sí. Tá a bá sì ti gbọ́, ká lọ wá a."

Òótọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Nígbà tí ibà dá Rìdwánù dúbúlẹ̀, kíláàsì tò lọ kí i nílé. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, àwọn tí ẹgba ò ràn tẹ́lẹ̀ ti di ọmọ tí wọ́n ń fojú lásán bá sọ̀rọ̀. Ìyá wọn ń ṣe kàyéfì, bàbá wọn ń dúpẹ́.

Wọ́n wá pè wọ́n sí Tchamba pé kí wọ́n ṣe é lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọjọ́ ọjà ni, àtẹ́wọ́ ò sì mọ níwọ̀n. Obìnrin kan tọ Kàrímọ́tù wá níbi tó gbé ń fi ìborùn nu òógùn, ó ra omi tútù fún un. Tàǹtí Àbẹ̀ní ni, oníṣòwò àgbàdo tó háyà ilé ìkẹ́rùsí onípáànù kan létí títì ní Kambolé. Ẹnu rẹ̀ dùn ju oyin lọ.

"Màdáàmù, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun o. Nínú gbogbo wọn, àwọn wo ló gbọ́ràn jù? Àwọn tí kì í jiyàn?"

Orí Kàrímọ́tù wú. Ta ni orí rẹ̀ ò ní wú? Ó na ìka: "Jùmọ̀kẹ́ nìyẹn. Kàbírù nìyí. Ọláwùmí ló di agolo mú yẹn. Èyí tó ń ṣí i, Nàfísátù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni." Òun àti Tàǹtí nìkan ló wà níbẹ̀. Ìka ara rẹ̀ ló fi nà wọ́n, ẹ̀yin èèyàn mi.

Iṣu wọlé, ọyẹ́ dé. Ní Mọ́ńdè kan, ìlù yí dé ọ̀dọ̀ Jùmọ̀kẹ́, ó dákẹ́. Wọ́n tò lọ sílé wọn. Ìyá rẹ̀ ń fi asẹ́ jọ ìyẹ̀fun, ẹ̀rín ń pa á: "Tàǹtí Àbẹ̀ní ti mú un lọ kọ́ aṣọ rírán ní Kouloundè. Ọmọ mi ti rí àánú gbà." Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó kan Kàbírù. Lẹ́yìn ìyẹn, Ọláwùmí. Kouloundè kan náà ni wọ́n ń pè. Lọ́jọ́ tí ihò pé mẹ́ta, Kàrímọ́tù rántí bí òun ṣe to orúkọ wọn ní Tchamba. Bó ṣe tò ó gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe ń lọ. Ó ku orúkọ kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ Sátidé ó gun ọ̀kadà zémíjàn dé Tchamba, ó wọkọ̀ dé Sokodé. Àwọn òbí wọn ti ní ìdí igi máńgòrò kan lẹ́yìn mọ́sálásí kékeré ni ilé ìránṣọ náà wà. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ló fi yí Kouloundè ká. Ó bi àwọn ọlọ́kadà, ó bi gbogbo aránṣọ tó rí. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó káwọ́ lérí.

"Kàrímọ́tù, ọgbọ̀n ọdún ni mo ti wà ládùúgbò yìí. N ò mọ Tàǹtí Àbẹ̀ní kankan. Ọmọ ta ni wọ́n gbé?"

Ilé Fàwásì ló gbà lọ tààrà nígbà tó dé. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Nàfísátù ránṣẹ́ síbì kankan. Mo yí Kouloundè ká, kò sẹ́ni tó mọ obìnrin náà. Ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ kan ejò nínú."

Fàwásì ń pọ́n àdá, kò gbójú sókè. "Mo ti fún obìnrin yẹn lọ́rọ̀ mi. Ṣé kí n wá máa bi ọmọlúàbí pé níbo ló ń kó ọmọ sí ni? Nígbà tí wọ́n mú ìwọ lọ, ta ló bi ẹ̀gbọ́n Bàbá ní ìbéèrè? Àbí ìwọ kọ́ ni Màdáàmù lónìí?"

Àṣà tó sọ ọ́ dèèyàn ni wọ́n fi ń nà án lẹ́gba. Ó wà lórí ahọ́n rẹ̀ pé òun lòun nàka sí ọmọ náà, ìtìjú ò jẹ́ kó lè sọ ọ́. Ó lọ bá dírẹ́tọ̀, ọ̀gá ilé-ìwé, dírẹ́tọ̀ ní òbí ló gbọdọ̀ fẹjọ́ sùn. Àwọn òbí ní ẹjọ́ kí ni? Ohun tí Fàwásì gbà fún un kò ju pé ọmọ náà ò ní kúrò nílé kí wọ́n tó kírun Jímọ̀. Kàrímọ́tù dúpẹ́. Ó rò pé òun ṣì ní ọjọ́ mélòó kan nílẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, àyè Nàfísátù ṣófo.

Àwọn ọmọ mẹ́tàdínlógójì tó kù jókòó, wọ́n gbọ́wọ́ sókè, kò sẹ́ni tó lu nǹkan. Ta ni yóò ṣí i? Ìlù ẹlòmíì, èèwọ̀ ni. Ewúrẹ́ kan rìn wọ àárín wọn, ó jẹ èèpo iṣu tó wà nílẹ̀, ó jáde, wọn ò tíì gbọ́wọ́ sílẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan, Ràhámátù, ló dìde.

"Màdáàmù, ẹ ní tá a bá ti gbọ́, ká lọ wá a."

Kàrímọ́tù mi orí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n gbé bídọ̀, wọ́n gbé agolo, wọ́n tò sójú títì bí wọ́n ṣe ń jókòó, wọ́n sì ń lu ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó tẹ̀lé Nàfísátù. Bí ó bá ti dé àyè ẹni tí kò sí, gbogbo wọn á dákẹ́. Àwọn ìyá ń jáde. Ìyá Jùmọ̀kẹ́ gbọ́ ihò ọmọ rẹ̀ kọjá níwájú ilé, asẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn kò rẹ́rìn-ín, ó kàn gbá tẹ̀lé wọn. Fàwásì fi ìbínú jáde ti òun ti àdá tó fẹ́ gbé lọ sóko: "Wọ́n ti lọ láti ìdájí! Tàǹtí ní ọkọ̀ ti yá. Ẹ padà sílé-ìwé!" Àwọn ọmọ ò dúró, wọ́n forí lé ilé ìkẹ́rùsí Tàǹtí, Fàwásì ń bínú tẹ̀lé wọn.

Tàǹtí Àbẹ̀ní wà lórí bẹ́ńṣì níwájú ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀, tẹlifóònù létí, ó ń retí ọkọ̀. Àgádágodo ńlá wà lára ilẹ̀kùn páànù.

"Àgbàdo ló wà níbẹ̀ o," ó wí kí ẹnikẹ́ni tó bi í. "Ta ló rán yín wá?"

Àwọn ọmọ yí ká. Ìró lọ, ó dákẹ́, ó lọ, ó dákẹ́, ó lọ, ó dákẹ́, ó sì yí dé ibi tí Nàfísátù yóò ti ṣí i. Gbogbo ọwọ́ dúró lókè. Ìbẹ̀rù mú àwa àgbà, ẹ má jẹ́ n purọ́ fún yín. Láti ẹ̀yìn páànù, a gbọ́ ọ.

Pá, pá, pá.

Fàwásì fúnra rẹ̀ ló fi àdá gbá àgádágodo náà títí ó fi já. Nàfísátù jókòó lórí àpò àgbàdo, òun àti ọmọbìnrin méjì láti abúlé mìíràn. Bàbá rẹ̀ gbé e, ó ń sunkún bí ọmọdé, ó ń bi í pé kí ló dé tí kò pariwo.

"Tàǹtí ní kí n má sọ̀rọ̀, mi ò sì sọ̀rọ̀," ọmọ náà wí. "Ṣùgbọ́n ó ti kàn mí."

Ká tó wẹ̀yìn, Tàǹtí Àbẹ̀ní ti fò sẹ́yìn zémíjàn, ó ti gba ọ̀nà ẹnubodè lọ. Ẹnikẹ́ni ò rí i mọ́. Ẹnikẹ́ni ò sì rí àwọn mẹ́ta tó ti lọ ṣáájú.

Nàfísátù ṣì ń ṣí eré. Àwọn kan ní kí Màdáàmù sún àwọn ọmọ mọ́ra kí ìlù náà lè gún, ó kọ̀ jálẹ̀. Ìyá Jùmọ̀kẹ́ ń wá láago mẹ́wàá, á jókòó sẹ́yìn ògiri ilé-ìwé, á gbọ́ ibi tí ọmọ rẹ̀ ti dákẹ́, á gbọn yẹ̀rì rẹ̀, á lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò lọ. Ó dúró de Kàrímọ́tù, ó sì di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, ọwọ́ tó fi nàka ní Tchamba.

"Màdáàmù, Ọlọ́run á bá mi san oore yín. Nǹkan kan ṣoṣo ni ò yé mi. Nínú ọmọ mọ́kànlélógójì, ta ló fi tèmi han obìnrin yẹn?"

Kàrímọ́tù fa ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ó ní àwọn ọmọ ń dúró de òun, ó sì padà sábẹ́ àtíbàbà. Ìyá Jùmọ̀kẹ́ ní kò burú, òun á padà wá lọ́la.