Àmì Kan Lórí "Okun"

Títí dòní, òórùn oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ ilé ìwòsàn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ó ń rán mi létí yàrá kékeré kan nínú ilé ìwòsàn ní Kàbà, níbi tí èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi kan ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ pe àwọn ìyá láti gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́. Díẹ̀díẹ̀ là ń kọ ọ́: a ó ṣe èyí tó ṣeé lò, a ó fi han àwọn nọ́ọ̀sì, a ó tún un ṣe. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi kọjá àlà. Ìgbìmọ̀ tó ń darí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn náà nìkan ló ń bí mi nínú. A ò gbọdọ̀ yí lẹ́tà kan padà àfi bí wọ́n bá jókòó, ìparí oṣù ni wọ́n sì ń jókòó. Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni alága wọn. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni wọ́n máa ń wí. Wọn ò kúkú jẹ̀bi, ọ̀rẹ́ mi. Ẹnìkan ti fi ìkánjú tún nǹkan ṣe rí, tí orúkọ àwọn aláìsàn fi pòórá ní odindi àárọ̀ kan.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ìyá ọmọ kan láti Ìyárà gbé fóònù rẹ̀ wá, ojú rẹ̀ le. "Ta ló fẹ́ fi okùn mú mi?" Mo wo àtẹ̀jíṣẹ́ náà, mo sì rí àṣìṣe mi. Èmi ọmọ Kàbà, tí mo ń fi àmì ohùn yangàn, mo ti fi àmì kan kún ìkíni àwa ará Kàbà. Dípò "Okun o," mo kọ "Okùn o, ìyá. Ẹ gbé ọmọ yín wá ní Ọjọ́bọ̀." Lásìkò tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù ajínigbé! Ìyá yìí láyà ló ṣe wá. Àwọn tó kù á jókòó sílé, Ọjọ́bọ̀ nìkan sì ni abẹ́rẹ́ náà máa dé.

Mo sáré lọ bá alága nílé.

"Okun, ọmọ mi. Kí ló ń lé ọ?"

Mo ṣàlàyé, mo sì ń retí kí wọ́n ní ó di ìparí oṣù. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé ó kan àṣírí aláìsàn kankan?"

"Rárá, Mà."

"Bó bá bàjẹ́, ẹ lè dá a padà?"

"Kíá, Mà."

Wọ́n ka ọ̀rọ̀ tuntun tí mo kọ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n sì pe àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ yòókù lórí fóònù. Kí wọ́n tó gbé fóònù sílẹ̀, a ti ní òfin tuntun: àtúnṣe tí kò kan àṣírí aláìsàn, tó ṣeé dá padà, tí ẹlòmíràn sì ti kà, ká ṣe é lọ́jọ́ náà gan-an; ìyókù kó dúró de ìgbìmọ̀.

A fi ìkíni tí a tún ṣe náà ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn ìyá lọ́jọ́ náà. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ fọ́fọ́. Inú mi dùn débi pé mo ń bá wọn pọn ọmọ.

Láti ìgbà náà, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ là ń ṣe àtúnṣe láìbẹ̀rù, nítorí a mọ ibi tí agbára wa dé. Mo ti rò pé okùn tí wọ́n fi so wá mọ́lẹ̀ ni òfin wọn. Okùn ni lóòótọ́, àmọ́ igbà ni, èyí tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ. Ìyá alága ò sì jẹ́ kí n gbàgbé: bí wọ́n bá rí mi lọ́nà ọjà, wọ́n á ti òkèèrè kí mi pé, "Okùn o."