Èédú Tó Jábọ́ Fúnra Rẹ̀

Ọjọ́ tí Elfed Bowen fi èédú fọ́ tábìlì onígíláàsì àwọn ará Manchester, oúnjẹ ọ̀sán ni tọkọtaya náà ń jẹ lórí rẹ̀ lọ́wọ́. Òòrùn ń ràn, wọ́n ti ṣí wáìnì, ọkọ ti bọ́ bàtà. Ọkọ̀ ojú irin kékeré náà yọ ní kọ́nà, ó fọn fèrè, ìyàwó sì juwọ́ sí i bí gbogbo àlejò ṣe máa ń ṣe. Elfed tó ń wa ọkọ̀ ò juwọ́ padà. Ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ta èédú kan tó tóbi tó orí ọmọ ìkókó síta, èédú náà fò kọjá ọgbà, ó bọ́ sáàárín àwo sàláàdì. Tábìlì fọ́ yángá. Elfed ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Trefor Pugh ló rí gbogbo rẹ̀. Òun ni adáná Elfed, ẹni tó ń fi ṣọ́bìrì da èédú sínú iná ẹ́ńjìnì.

"Bọ̀dá Elfed," ló wí, "ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn èèyàn yẹn."

"Àwọn wo?"

"Àwọn tó ra ilé Morfydd."

Elfed wa ọkọ̀ gun afárá. "Morfydd ti kú," ló wá sọ. "Mo kọrin níbi ìsìnkú ẹ̀."

"Ẹ kọrin dáadáa."

"Ẹsẹ̀ yìí ni ò bá mi lọ síbẹ̀."

Kí ẹ má lọ rò pé orí Elfed ti dàrú. Láyé ìgbà tí kúárì ṣì ń ṣiṣẹ́, tí ojú irin tóóró yẹn ń kó òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bolé sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Cwm Ehedydd lọ sí èbúté, kò sí ọdún tí òkè náà ò pa ọkùnrin méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ̀gbẹ́ ojú irin ni ilé àwọn opó wọn tò sí. Bí ọkọ̀ bá dé iwájú ilé opó, adáná á ṣa èédú kan tó dáa, dírẹ́bà á sì fẹsẹ̀ ta á sílẹ̀. Dírẹ́bà ló ń ta á, torí bí ọ̀ràn bá dé, ọrùn dírẹ́bà ló máa wà. Ẹni tó ni kúárì ló ni èédú, kì í ṣe àwọn. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìlú fi gbà pé ńṣe ni èédú náà jábọ́ fúnra rẹ̀. Opó kì í dúpẹ́. Bó bá dúpẹ́ pẹ́nrẹ́n, ó ti pe dírẹ́bà lólè nìyẹn. Á jáde, á he èédú sínú épírọ́ọ̀nù ẹ̀, á wọlé, á ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tó yá, kúárì kógbá sílé. Irin dípẹtà, àgùntàn ń jẹko láàárín rẹ̀ fún ọdún méjìlélógún. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn àjèjì dé, àwọn èèyàn tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin àtijọ́. Wọ́n tún irin ṣe, wọ́n tún Lowri kùn, ẹ́ńjìnì tí Elfed ń wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń fi í gbé àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ lọ sókè sódò. Ká sọ òótọ́, wọn ò ṣe ibi kankan. Wọ́n fẹ́ràn rélùwéè wa ju bí àwa gan-an ṣe fẹ́ràn ẹ̀ lọ, ohun tó sì ń bí èèyàn nínú nìyẹn. Ó rọrùn fún wọn láti fẹ́ràn ẹ̀, kò pa bàbá wọn.

Alága wọn ni Ọ̀gbẹ́ni Aldous, dókítà eyín láti Birmingham. Òun ló ní kí Elfed kọ́kọ́ ṣèdánwò kó tó lè wa Lowri. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Elfed ti fi wa Lowri kí kúárì tó tì, nígbà tí Aldous ṣì ń yọ eyín àwọn èèyàn.

"Kí lẹ máa ṣe," ni Aldous bi í, "bí omi inú ẹ́ńjìnì bá lọ sílẹ̀ jù?"

"Màá bi Trefor bóyá ó sun oorun àná tán."

"Kí ni ìwé wí, Ọ̀gbẹ́ni Bowen?"

"Mi ò mọ ohun tí ìwé wí. Ṣé ìwé ti wa Lowri rí ni?"

Wọ́n fún un ní máàkì mọ́kànléláàádọ́ta, ọgọ́ta ni wọ́n fi ń yege. Nígbà tí Aldous wá pa ìwé náà dé, tó fẹ́ fà á lé e lọ́wọ́ kó lọ kà á sí i, àwòrán Elfed ló wà lẹ́yìn ìwé, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ojú fèrèsé Lowri. Aldous wo àwòrán, ó wo Elfed, ó sì ní kó tún wá lọ́jọ́ Ajé. Elfed wá lọ́jọ́ Ajé, ó gba ọgọ́ta. Títí tó fi kú ló ń sọ pé àwòrán òun ló gba máàkì mẹ́sàn-án yẹn.

Ti èéfín tún ńkọ́? Àwọn tó ń ya fọ́tò fẹ́ràn èéfín dúdú. Wọ́n á dúró sórí òkè pẹ̀lú kámẹ́rà, wọ́n á máa ké sí i pé kó tú èéfín. Bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, èéfín dúdú ìtìjú ni. Adáná tí ọwọ́ ẹ̀ mọ́, iná ẹ̀ máa ń mọ́, èéfín funfun díẹ̀ lèèyàn á rí. Ẹni tó bá tú èéfín dúdú lọ́jọ́ Ajé, tí gbogbo ìyàwó ilé sá aṣọ síta, Nesta ìyàwó Elfed fúnra ẹ̀ máa ń dúró dè é ní ìdíkọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá," ni ọkùnrin kan bẹ̀ ẹ́, "èéfín dúdú díẹ̀. London ni mo ti wá."

"Padà sí London," ni Elfed dá a lóhùn. "Wọ́n ní ó pọ̀ níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn dé etí ìgbìmọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ pé kí Lowri máa tú èéfín dúdú lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, dírẹ́bà ló máa yan ibi tó bá wù ú. Elfed yàn án. Iwájú ìdíkọ̀ ló yàn, ní ọ̀sán ọjọ́ tí ìyàwó Aldous tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì mọ́kànlá fún ayẹyẹ tíì. Trefor da èédú tútù lé iná, ó ń wo ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má rí ẹ̀rín ẹ̀.

Ẹ wá rí i pé nígbà tí ọ̀rọ̀ tábìlì onígíláàsì délẹ̀, àwọn ìgbìmọ̀ ti ń wá ọ̀nà láti mú Elfed tipẹ́. Wọ́n pe àwọn méjèèjì.

"Kí ló dé tí ẹ fi ta èédú yẹn, Ọ̀gbẹ́ni Bowen?"

"Ó jábọ́ fúnra rẹ̀ ni."

"Wọ́n rí ẹsẹ̀ yín."

"Ó yẹ kí wọ́n wà nínú ilé. Morfydd kì í jókòó síta máa wo ẹsẹ̀ ọkọ ọlọ́kọ."

Aldous ò rẹ́rìn-ín. Ó mú ìwé kan jáde: bí èédú kan ṣoṣo bá tún kúrò lórí Lowri, àwọn méjèèjì ò ní gun ún mọ́ láyé. Elfed fọwọ́ sí i kíá. Trefor kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó fọwọ́ sí i. Kò láya, kò bímọ, ó sì ti pé àádọ́rin ọdún. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló ń dáná fún Lowri, ọjọ́ mẹ́rin yòókù, ó ń retí ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni. Bí wọ́n bá gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹ̀, kò mọ ohun tó tún ń jí fún láàárọ̀.

Elfed rí ojú ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jáde. "Má bẹ̀rù, àbúrò," ló wí. "Morfydd ló kẹ́yìn wọn. Kò sí opó kankan mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin. Wọ́n ti ta gbogbo ilé wọn fáwọn àlejò. Èmi àti Nesta nìkan ló kù."

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, bó ṣe ń múra àti lọ síbi iṣẹ́, Elfed kú lórí àga. Bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló tíì wọ̀.

Ojú irin yẹn ni wọ́n fi ń gbé òkú àwọn òṣìṣẹ́ kúárì sọ̀kalẹ̀ láyé ọjọ́sí, Nesta sì bẹ̀ wọ́n kí Lowri gbé Elfed lọ. Ìgbìmọ̀ ṣèpàdé lé e lórí. Wọ́n ní ó dun àwọn gan-an, àmọ́ wọ́n ti ta gbogbo àyè ọjọ́ náà tán. Mọ́tò dúdú ló gbé e gba ojú títì lọ. Wọ́n so rìbọ́nù dúdú mọ́ iwájú Lowri, àwọn àlejò sì ń tò lọ́kọ̀ọ̀kan láti bá rìbọ́nù ya fọ́tò. Trefor rí wọn nígbà tó ń bọ̀ láti itẹ́ òkú, inú bí i débi pé kò lè jẹun.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e ló padà sẹ́nu iṣẹ́. Aldous fúnra ẹ̀ ló ń wakọ̀ lọ́jọ́ náà, ó wọ aṣọ dírẹ́bà tí wọ́n ti lọ̀. Wọ́n yọ ní kọ́nà, wọ́n kọjá ilé Morfydd, níbi tí tábìlì onígi tuntun wà. Ilé tó kàn ni ti Elfed. Nesta dúró nínú ọgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kábéèjì ẹ̀, ó wọ épírọ́ọ̀nù. Kò juwọ́. Ó kàn dúró, ó ń wo ẹ́ńjìnì bí gbogbo àwọn tó ti dúró síbẹ̀ ṣáájú ẹ̀ ṣe máa ń wò ó.

Ìgbà yẹn ló yé Trefor pé opó kan ṣì kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin.

Ó rántí ìwé tó fọwọ́ sí. Ó rántí ọjọ́ mẹ́ta ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ sì ti ń ṣa èédú lọ ní tiẹ̀, èyí tó dáa jù, tí kò ní eruku. Ó gbé e sí etí ẹ́ńjìnì, síbi tó máa ń gbé e sí. Láti ọmọ ogún ọdún ló ti ń ṣà á, kò ta ọ̀kan rí láyé ẹ̀. Ó wo Aldous, iwájú ni Aldous ń wò. Trefor bá na ẹsẹ̀ ọ̀tún.

Àárín kábéèjì ló bọ́ sí.

"Ọ̀gbẹ́ni Pugh," ni Aldous wí, "kí nìyẹn?"

"Ó jábọ́ fúnra rẹ̀ ni, Alága."

Wọ́n dé ìdíkọ̀. Ibẹ̀ ni Aldous ti bọ́ ìbọ̀wọ́. "Ẹ mọ ohun tí ẹ fọwọ́ sí," ló wí. Kò tilẹ̀ pariwo, ojú ẹ̀ sì fi hàn pé kò dùn mọ́ ọn nínú. Ì bá sàn kó pariwo. Trefor nu ṣọ́bìrì ẹ̀ mọ́, ó fi í kọ́ síbi tó ti ń kọ́ ọ láti ìgbà tí irun orí ẹ̀ ṣì dúdú, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Ní àárọ̀ Sátidé, ó jókòó sídìí tábìlì, ó ń wo ọwọ́ ara ẹ̀, nígbà tí Nesta kanlẹ̀kùn. Ó gbé kábéèjì mẹ́ta dání, gbogbo wọn ti fọ́ pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́. Ó kó wọn lé tábìlì.

"Trefor, wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ."

"Ẹ má bínú, Aǹtí Nesta."

"Mò ń bínú. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Elfed fi ta á, kò ba kábéèjì ẹnikẹ́ni jẹ́ rí."

"Tábìlì ló fọ́."

"Tábìlì wọn nìyẹn. Kábéèjì tèmi ńkọ́?" Ó fa àga, ó jókòó láìbọ́ kóòtù. Lowri fọn fèrè lọ́nà afárá, àwọn méjèèjì yíjú sí fèrèsé. Èéfín dúdú kìjikìji gòkè lẹ́yìn àwọn igi. "Wo ìranù," ni Nesta wí. "Elfed á ti bọ́ sílẹ̀ torí ìyẹn." Ẹ̀rín ń bọ̀ lẹ́nu ẹ̀, àmọ́ kò jọ ẹ̀rín mọ́ nígbà tó fi máa dé. Ó nu imú. "Gbé ìkòkò wá. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n ṣòfò."

Trefor gbé ìkòkò wá. "Èédú yẹn ńkọ́?" ló bi í.

"Èédú wo? Mi ò rí èédú kankan."

Ó mú ọbẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé kábéèjì. Ọwọ́ ẹ̀ dúdú fún èédú títí dé ọrùn ọwọ́. Trefor rí i, ó lọ mú ọbẹ kejì.