Ẹ̀wù tí Mo Rán fún Kọ̀ǹpútà Khadidja

Èmi àti Barnabé kì í kí ara wa. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fi í pa mọ́. Ṣọ́ọ̀bù tèmi wà lápá ọ̀tún ọ̀nà, tirẹ̀ wà lápá òsì, ní Kétu níbí. Bí mo bá wúkọ́, á gbọ́. Bí òun bá sín, mà á gbọ́, n ò sì ní kí i pẹ̀lẹ́.

Ràhámọ̀tù lorúkọ mi, aránṣọ ni mí. Ẹni tó bá ń wá aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí àsíá, kó gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Aṣọ tèmi a máa gba ara mú. Ogún ọdún rèé tí mo ti ń rán an bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń lọ ìgbéyàwó sì mọ ọ̀nà ilé mi.

Barnabé ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ọmọ àgbẹ̀ Okpomèta ni. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kó gbin àgbàdo, òun ní Kútọnu lòun ń lọ. Nígbà tó dé Kútọnu ńkọ́? Ilẹ̀ ló ń gbá, ní ilé ìtajà kan tí wọ́n ti ń ta kọ̀ǹpútà. Bó ti ń gbálẹ̀ ló ń yọjú wo ọwọ́ àwọn tó ń tún un ṣe. Lọ́jọ́ kan tí ọ̀gá ò sí nílé, ó gbé ìgbálẹ̀ tì, ó jí kọ̀ǹpútà kan tó ti kú láti oṣù mẹ́ta dìde. Látọjọ́ náà, wọn ò fún un ní ìgbálẹ̀ mọ́. Àwọn èèyàn máa ń sọ ìtàn yìí bí ìgbà tí wọ́n ń sọ ti wòlíì. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn ló padà wálé, tó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù síwájú mi. Òwú dúdú ló fi so apá kan gíláàsì ojú rẹ̀. Kì í ṣe òwú tèmi.

Ẹnu rẹ̀ ni ò dáa. Ó lè wo oníbàárà lójú kó ní, "Kọ̀ǹpútà yín ò ní àrùn kankan, ẹ̀yin lẹ ní àrùn." Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún dírẹ́tọ̀ ilé ìwé kan. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún fádà wọn. Ohun tó máa ń bí mi nínú ni pé àwọn méjèèjì tún padà wá bá a.

Ní ti ìjà wa, sòkòtò ló fà á. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, èmi ni mo rán kóńpílẹ̀, ẹ̀wù àti sòkòtò, tó wọ̀ lọ ìsìnkú. Ó kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Okpomèta, sòkòtò ya láti ìdí dé orúnkún. Mo gbà, ó ya. Àmọ́ ṣé kò lè gbé e wá bá mi ní jẹ́jẹ́ ni? Barnabé gbé sòkòtò náà kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí gbogbo ẹni tó ń lọ ọjà lè rí iṣẹ́ ọwọ́ Ràhámọ̀tù. Àwọn ọmọléèwé ń na ìka sí i. Háà! Ọjọ́ náà ni mo ti dẹ́kun kíkí i, mo sì fi Ọlọ́run búra pé mi ò tún ní í bá a da ọ̀rọ̀ kankan pọ̀.

Ọmọ mi ló jẹ́ kí n yẹ ìbúra mi. Khadidja fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì. Láti kékeré ló ti ń di ẹsẹ̀ adìẹ tó ṣẹ́. Ó yege ìwé rẹ̀, ó ku ìdánwò àṣewọlé tí wọ́n ń pè ní kọ́ńkúrù. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, ọjọ́ Jímọ̀ kan báyìí, ní aago méjìlá ọ̀sán, ni wọ́n máa tì í. Ẹni tí kò bá wọlé, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Mùsílíù àbúrò mi ló fi kọ̀ǹpútà alágbèéká ránṣẹ́ sí i láti Àjàṣẹ́. Kọ̀ǹpútà náà ti dàgbà, Wíńdòsì ti wúwo jù fún un, ni wọ́n bá yọ ọ́, wọ́n fi Línúsì tó fúyẹ́ rọ́pò rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Khadidja á tan íńtánẹ́ẹ̀tì tẹlifóònù rẹ̀, kọ̀ǹpútà á fi wífì gbà á, kò sí okùn, kò sí wàhálà.

Nílé wa, ohun tí a bá fẹ́ràn, a kì í fi í sílẹ̀ ní ìhòòhò. Tẹlifísọ̀n ní ẹ̀wù, rédíò ní ẹ̀wù. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ní méjì, ti ọjọ́ lásán àti ti ọdún Iléyá. Ọyẹ́ sì ti dé, eruku pupa ilẹ̀ wa yìí ń wọ inú gbogbo nǹkan. Mo bá rán ẹ̀wù fún kọ̀ǹpútà ọmọ mi. Ó bo ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì fi rọ́bà sí etí rẹ̀ kó lè dì í mú dáadáa. Wọ́n á ṣí ojú rẹ̀, wọ́n á ṣiṣẹ́, ẹ̀wù á sì wà lára rẹ̀. Ó rẹwà, wallahi. Ọjọ́bọ̀ ni mo wọ̀ ọ́ fún un.

Nígbà tó di àárọ̀ Jímọ̀, wífì ò sí mọ́. Khadidja pa á, ó tàn án, kò sí. Àwòrán ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan ló ń yọ lókè. Mo ní, "Ta ló ń lọ sí Mẹ́kà?" Kò rẹ́rìn-ín. Fọ́ọ̀mù náà kò ṣí lórí tẹlifóònù, iná ò sì sí ní sìbẹ́, ilé íńtánẹ́ẹ̀tì tó wà nítòsí ọjà. Aago mẹ́sàn-án ti kọjá. Ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń wo òdì kejì. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ kó tó sọ ọ́.

Èmi fúnra mi ni mo gbé kọ̀ǹpútà náà sọdá ọ̀nà. Mo gbé e kalẹ̀ síwájú Barnabé, mo ní, "Bàbá Prudence, wífì ò ṣiṣẹ́." Prudence ni àkọ́bí rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Khadidja, ẹ káàárọ̀ náà." Ẹ gbọ́ ìwọ̀sí! Ó ń kọ́ mi ní ìkíni.

Ó ṣí ojú dúdú kan tí kò ní àwòrán, ó ń kọ̀wé sínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà ń dá a lóhùn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ́. Ó bi Khadidja bóyá ó fi nǹkan tuntun sínú rẹ̀, ọmọ ní rárá. Ó wò ó bóyá Línúsì ṣì mọ ẹ̀yà tó ń gba wífì, ó ní ó mọ̀ ọ́n. Ó pa á, ó tún tàn án. Aago mẹ́wàá ti lọ dáadáa kó tó kọ ọ̀rọ̀ kan tó mú ìlà méjì jáde. Ó ka ìlà méjèèjì, ó bọ́ gíláàsì rẹ̀.

Ó ní, "Kì í ṣe inú rẹ̀ ló ti wá. Ọwọ́ ni wọ́n fi pa á láti ìta. Bọ́tìnì kan tó ń pa wífì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bọ́ ẹ̀wù yìí."

Mo ní, "Kí ni ẹ̀wù mi ṣe fún un yín?"

Barnabé bọ́ ọ. Ó fi ìka tọ etí kọ̀ǹpútà níwájú, ó ti nǹkan bíńtín kan sí ẹ̀gbẹ́. Ọkọ̀ òfuurufú parẹ́. Orúkọ tẹlifóònù Khadidja yọ. Ọmọ mi pàtẹ́wọ́. Aago mọ́kànlá ò tíì lù.

Bí mo bá dákẹ́ níbẹ̀, ì bá ti tán. Barnabé yíjú sí mi, ó ní, "Ìyá Khadidja, ẹ̀wù yìí ti fún jù..."

Mi ò jẹ́ kó parí rẹ̀. Sòkòtò ọjọ́sí ló wá sí mi lójú. Mo ní ó tún ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́ lójú ọmọ mi. Mo já kọ̀ǹpútà gbà, mo fa ẹ̀wù náà wọ̀ ọ́ padà, rọ́bà dún pà, mo sì gbé e kọjá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ní ibẹ̀ ni Khadidja ti máa kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀, lábẹ́ òrùlé ìyá rẹ̀.

Ó ṣí i. Ọkọ̀ òfuurufú ti padà.

Ẹ gbà mí o! Mo jáde sójú ọ̀nà. Mo ní Barnabé ti fi ìkà sínú ẹ̀rọ ọmọ mi, ó tún un ṣe lójú wa, ó sì bà á jẹ́ lẹ́yìn wa. Mo bú u, mo bú ìgbálẹ̀ Kútọnu. Èrò pé jọ. Ó jókòó síbi tó wà, ó ní, "Ẹ bọ́ ẹ̀wù náà." Mo ní ẹnu rẹ̀ ò ní í tú mi láṣọ láéláé. Ó tún un sọ. Ó dìde, ó fẹ́ sọdá, mo ní bó bá fẹsẹ̀ kan ṣọ́ọ̀bù mi, síṣọ́ọ̀sì ni mà á fi pàdé rẹ̀. Khadidja ń fà mí láṣọ, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, aago ń lọ." Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ìbínú ò ṣe nǹkan fúnni. Èmi náà mọ òwe yẹn. Mo ṣì wà lójú ọ̀nà tí mò ń pariwo, ó lé ní wákàtí kan.

Nígbà tí mo padà wọlé, ọmọ mi ti fa ẹ̀wù náà ya. Ó ti bọ́tìnì náà bó ṣe rí Barnabé tó ti í, wífì sì wọlé lọ́wọ́ kan. Fọ́ọ̀mù ń ṣí, ó ń yí, ó ń yí. Gbólóhùn kan yọ: ìforúkọsílẹ̀ ti parí. Aago méjìlá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin.

  Khadidja mú ẹ̀wù náà, ó fi rọ́bà rẹ̀ hàn mí, ibi tó ti ń gbá bọ́tìnì náà mú, tó sì ń tì í pa, nígbàkigbà tí mo bá fà á wọ̀ ọ́. Ó jù ú sójú ọ̀nà, ó jáde, kò sì jẹun títí di ọjọ́ kejì. Barnabé ló he ẹ̀wù náà nínú eruku.

Kí ni mo wá ṣe? Mo purọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, mo ní Barnabé ló ba kọ̀ǹpútà jẹ́ tí ọmọ mi ò fi lè ṣe kọ́ńkúrù. Ọ̀rọ̀ náà dé Odomèta, ó dé Adakplamè. Láràárọ̀ ni mo ń yọjú wo iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bóyá ó ti gbé ẹ̀wù náà kọ́. Mo ti to èébú tí mà á fi dá a lóhùn jọ. Kò gbé e kọ́. Ẹni tó gbé sòkòtò kọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kò fọhùn. Ìyẹn ló ń dùn mí ju sòkòtò lọ. Kò sì ju oṣù kan lọ tí Khadidja fi ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí ọdún á fi yí po. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ pé rárá? Ibẹ̀ ló ń jókòó báyìí, ó kọjú sí mi láti àárọ̀ dé alẹ́.

Lánàá, Reine tó ń gbé gàrí wá láti Odomèta wá wọn aṣọ. Ó wo òdì kejì, ó ní, "Ṣé Barnabé tó ba ọjọ́ ọ̀la ọmọ yín jẹ́ yìí lẹ tún fi ọmọ sí lọ́wọ́?" Kò rọra sọ ọ́. Khadidja gbórí sókè lórí iṣẹ́ rẹ̀, ó ń wò mí. Ó ń dúró de ohun tí màá sọ. Mo fi téèpù tí mo fẹ́ fi wọn Reine lé orí tábìlì.

Mo sọdá. Mo ní, "Bàbá Prudence, ẹ fún mi ní ẹ̀wù mi." Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó yọ ọ́. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti ká a. Mo gbà á, mi ò dúpẹ́. Mo padà, mo gbé e kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù tèmi, ibi tí gbogbo èrò ọjà ti lè rí i, mo sì sọ fún Reine, kí òdì kejì lè gbọ́, pé, "Èmi ni mo ba ọdún ọmọ mi jẹ́. Èyí ni mo fi bà á jẹ́."

Ọjọ́ mẹ́ta ló máa lò níbẹ̀. Òní ni ọjọ́ kejì. Mi ò tíì kí Barnabé.