Àṣá Kékeré Orí Igi Ayùnrẹ́

Ẹ má bá mi sọ pé àṣá kan náà ni gbogbo àṣá. Ẹni tó bá dán irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò lójú ìyá mi, etí rẹ̀ á gbọ́ tirẹ̀.

Ayé Òyìnbó ni mò ń sọ, kí ilé iṣẹ́ ńláńlá tó gba àdúgbò Sàngó. Oko ló bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé wa ní Ọ̀tà. Igi ayùnrẹ́ kan wà níbẹ̀, ẹyẹ ńlá kan sì ti kó igi wẹ́wẹ́ jọ kọ́lé sórí rẹ̀, ó kó kúrò. Ni àṣá kékeré méjì bá wọlé láìtọrọ àyè, wọ́n sì pa ọmọ síbẹ̀.

Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju àdàbà lọ. Ara wọn dà bí eérú ààrò, ẹsẹ̀ wọn sì pọ́n bí ìyeyè. Àwọ̀ ìyeyè yìí náà ló yí ojú wọn ká, bí obìnrin tó lé tìróò tí ẹnìkan ò lé rí. Lórí ẹ̀ka gbígbẹ ni wọ́n ń jókòó, wọ́n á dákẹ́ bí olùkọ́ tó ń ṣọ́ ìdánwò. Lójijì, ọ̀kan á já bọ́, á gbé tata, á padà sókè. Bí wọ́n bá ń sun oko, ẹ̀bá èéfín lẹ óò ti rí wọn, wọ́n ń dúró de tata tó ń sá fún iná.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olórí agbo ilé wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, fẹ́ kọ́ yàrá síbi tí igi náà wà. Bí òròmọdìẹ ìyá mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí sọnù, ó rí ohun tí yóò wí.

"Ìyàwó, olè lo gbà sílé. Agégi ń bọ̀ lọ́la."

"Ọkọ mi, èmi ni mo ni adìẹ, ẹkún ta lẹ wá ń sun? Àwòdì ló ń gbé wọn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ àwọn ẹyẹ yìí fò ná."

"Àṣá, àwòdì, kí ni ìyàtọ̀? Gbogbo wọn ló ń jẹran."

"Ẹ̀yin náà ń jẹran. Ṣé ká gé yín ni?"

Àwọn ìyàwó ilé yára wọ yàrá lọ rẹ́rìn-ín.

Aláró ni ìyá mi. Bíi ti gbogbo ará ibí, ó máa ń fi aró kun òròmọdìẹ lára kí ẹyẹ má baà dá wọn mọ̀. Bàbá ní aró náà ni kò jẹ́ kí àṣá tíì kó wọn tán. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá mi kó àwọn òròmọdìẹ tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tí kò tíì kùn, ó tú wọn sídìí igi.

"Ẹ jókòó, ọkọ mi. Agégi, gbé àáké sílẹ̀, kí ìwọ náà jókòó."

Kò pẹ́, àṣá já bọ́ sáàárín àwọn òròmọdìẹ. Bàbá fò dìde: "Mo wí bẹ́ẹ̀!"

Alángbá ló gbé.

Bàbá rọra jókòó padà. "Oúnjẹ àárọ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀sán."

Ọ̀sán pọ́n, òròmọdìẹ pé. Síbẹ̀, Bàbá ní kí agégi padà wá nígbà tí ìyá mi bá lọ sọ́jà. Ìyá mi ò bá a jiyàn mọ́. Ó gbé àwọn ìkòkò aró rẹ̀ wá sídìí ayùnrẹ́, ó rẹ ewé elú sínú wọn, ó da omi eérú lé e. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ní Ọ̀tà pé a kì í sún irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ títí aró á fi tó rẹ aṣọ. Bí igi bá sì wó lù wọ́n, ariwo àwọn obìnrin tó ń dúró de aṣọ wọn á gba ìlú kan. Ìyàwó Bàbá wà lára wọn.

Agégi wá, ó wo ìkòkò, ó wo ìyá mi tí kò lọ sọ́jà, ó gbé àáké rẹ̀ kọ́ èjìká, ó lọ.

Láti ìgbà náà, Bàbá á yọjú láràárọ̀: "Ìyàwó, àwọn ẹyẹ rẹ ò tíì lọ?"

"Wọn ò tíì lọ, ọkọ mi."

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ọmọ àṣá ti fò lọ tipẹ́. Èmi fúnra mi rí wọn lórí ebè ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń ṣubú tẹ̀lé tata. Ìyá mi wo ẹ̀ka tó ṣófo, ó ro aró, ó rẹ ìkòkò mìíràn, ó sì ń dá Bàbá lóhùn láìrẹ́rìn-ín:

"Wọn ò tíì lọ."