Ẹ̀wù Òjò Tó Gba Ènìyàn Méjì

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, Baṣọ̀run kò tíì di ibi tí ènìyàn ń wa mọ́tò lọ fi yangàn. Oko ni. Ilé wa dá dúró sí etí oko ẹ̀gẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀kẹ́rẹ́ máa ń yọjú lójú fèrèsé wá wo ohun tí a ń sè. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe ní Dùgbẹ̀. Mo kàwé díẹ̀ kí n tó rí i pé pákó gbọ́ràn ju tíṣà lọ. Kẹ̀kẹ́ ni mò ń gùn lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, òjò ì báà rọ̀, oòrùn ì báà ràn.

Ìyàwó mi lóyún. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí èyí fi ń já mi láyà. Lọ́dún tó ṣáájú, ìrọbí mú un nínú òjò. Onítakisí kọ̀, kò kúrò lórí títì ọlọ́dà, a sì fẹsẹ̀ rìn. Ẹ̀bá ọ̀nà ló bímọ sí, òjò pa ọmọ náà, kò sì bá wa dalẹ́. Láti ìgbà náà, bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, ìyàwó mi á dákẹ́, èmi náà á dákẹ́. Oyún kejì yìí tún wá bọ́ sáàárín àsìkò òjò. Mo pinnu pé bí mọ́tò kò bá lè dé ọ̀dọ̀ wa, kẹ̀kẹ́ mi ni yóò gbé e dé ilé ìgbẹ̀bí ní Àgbowó, òjò kò sì ní kàn án.

Àkókò yẹn náà ni owó orí di ìjà. Àwọn àgbẹ̀ ní àwọn kò san mọ́. Agbowó-orí tó bá tẹ ọ̀nà oko, ẹsẹ̀ tó gbé e lọ lè má gbé e padà. Wọ́n ń gbé igi dí ọ̀nà kiri. Èmi kò fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn, nítorí ta ni yóò rí káfíńtà tí yóò pè é ní agbowó-orí?

Bàbá kan wà lẹ́bàá ọjà Dùgbẹ̀ tó ń ta ohun èlò kẹ̀kẹ́. Sójà ni tẹ́lẹ̀, ogun ti gbé e dé ẹ̀yìn òkun. Aago kẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ gbé lé mi lọ́wọ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Aago náà lóhùn débi pé bí mo bá tẹ̀ ẹ́ ní Mọ́kọ́lá lẹ́yìn ìgbà náà, ní Dùgbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń yà fún mi. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ wádìí, gbogbo ẹlẹ́rìí ti kú.

"Bàbá, aago kọ́ ni mo bá wá," ni mo wí. "Ohun tí mo fẹ́ gbé, òun fúnra rẹ̀ yóò máa pariwo."

"Kí lo fẹ́ gbé?"

Mo wo ilẹ̀. Èmi kò ní dárúkọ aboyún láàárín ọjà. "Ẹrù kan ni. Ó wúwo."

"Ó wúwo, ó sì ń pariwo. Ewúrẹ́ ni."

"Ẹ jẹ́ ká pè é ní ewúrẹ́."

Mo ra rọ́bà bíréèkì, nítorí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ọ̀nà wa. Mo ra iná tí táyà ń yí, mo ra awọ tí wọ́n ń so mọ́ ìdí mọ́dígáàdì kí ẹrẹ̀ má baà ta sókè. Bàbá náà fẹ́ ta àga kárià fún mi. Mo ní mo ti fi pákó kan èyí tó ní ibi ìfẹ̀yìntì àti ibi ìgbẹ́sẹ̀lé.

"Ewúrẹ́ rẹ a máa fẹ̀yìn ti nǹkan?"

"Ọmọ ọlọ́lá ni, bàbá."

Ó ku ẹ̀wù òjò. Ó kó mẹ́ta jáde. Èyí tó pọ́n bí ọsàn dára lójú, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni yóò bò. Dúdú fẹ̀ díẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo da omi sí i, omi gba èjìká rẹ̀ kọjá. Ẹ̀kẹta ni kákí tí àwọn sójà àti òṣìṣẹ́ ìjọba ń wọ̀, ó ní fìlà lára, ó fẹ̀ bí àtíbàbà. Mo jókòó lórí kẹ̀kẹ́, mo wọ̀ ọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ bo kárià délẹ̀.

"Bí mo bá jẹ́ ìwọ, dúdú ni n ó mú, n ó sì lẹ èjìká rẹ̀," ni bàbá náà wí. "Kákí lásìkò yìí..." Kò parí ọ̀rọ̀. Mo rò pé dúdú ni kò tà fún un, tó fẹ́ tì í sí mi lọ́rùn. Mo mú kákí.

Láti ọjọ́ tí mo ti ń wọ̀ ọ́, ojú àwọn ènìyàn yí padà. Mo gba inú agboolé kan kọjá ní Àgbowó nínú òjò wínníwínní, wọ́n ṣe bí wolé-wolé ni mí. Kí n tó já sí ojú ọ̀nà kejì, wọ́n ti da omi inú gbogbo ìkòkò nù, wọ́n ń gbálẹ̀ nínú òjò. Mo rẹ́rìn-ín dé ilé. Ìyàwó mi kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀wù yìí ń dẹ́rù ba ènìyàn." Mo ní òjò ni kó máa bà lẹ́rù.

Ìrọbí mú un lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìyá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa. Lọ́dọ̀ tiwa, bí obìnrin bá ń rọbí, a kì í kéde, nítorí bí etí tó gbọ́ bá ṣe pọ̀ tó ni ìrọbí ṣe ń pẹ́ tó. Ìyá gbé ọmọ rẹ̀ jókòó lórí kárià, ó fa ẹ̀yìn ẹ̀wù òjò tí mo wọ̀ bò ó látorí dé ẹsẹ̀.

"Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ̀," ló wí fún mi. "Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní ẹrù ni. Mò ń fẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn yín."

A gbéra. Òjò dé kí a tó kọjá odò tó wà lójú ọ̀nà. Mo ń gbọ́ èémí ìyàwó mi lẹ́yìn mi, ó ń gùn, ó ń kúrú. A ti ń rí òrùlé àwọn ilé Bódìjà lókèèrè nígbà tí igi kan wó dí ọ̀nà níwájú wa. Kò wó fúnra rẹ̀. Àwọn ọkùnrin yọ láti inú ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú àdá àti kùmọ̀.

"Sọ̀ kalẹ̀, agbowó-orí."

"Káfíńtà ni mí, ẹ̀yin bàbá."

"Òòlù rẹ dà?"

"Ó wà níbi iṣẹ́."

"Ó fi òòlù síbi iṣẹ́, ó gbé kákí wọ̀," ni ọ̀dọ́kùnrin kan wí. "Káfíńtà ìjọba."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí kì í dára fún ẹni tí wọ́n ń rín in sí. Olórí wọn, àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun, nawọ́ sí ẹ̀yìn mi. "Kí nìyẹn?"

Ìyàwó mi di ẹran ìhà mi mú, ó ń fún un. Ìrora ti dé, kò sì fẹ́ ké. Bí mo bá sọ, mo ti ba ìkìlọ̀ ìyá rẹ̀ jẹ́. Bí n kò bá sọ, àdá rèé.

"Ẹrù ilé ni, bàbá."

"Ẹrù náà ń mí," ni ọ̀dọ́kùnrin náà wí.

"Owó orí wa ló ń mí yẹn," ni àgbàlagbà dáhùn. "Dán an wò."

Ọ̀dọ́kùnrin náà gbé kùmọ̀ sókè. Mo na ọwọ́ òsì mi sẹ́yìn, òun ni kùmọ̀ bà. N kò rántí bóyá mo ké. Ohùn tí mo rántí ni èyí tó ti abẹ́ kákí jáde.

"Ẹ̀yin tí ẹ wà níta, bí ẹ bá fẹ́ pa á, ẹ tètè pa á, kí ẹlòmíràn máa wa kẹ̀kẹ́ yìí. Ọmọ inú mi kò ní dúró gbọ́ ẹjọ́ yín."

Àgbàlagbà náà gbé etí ẹ̀wù sókè, ó wò, ó sọ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni tí iná jó. Ọ̀dọ́kùnrin yẹn fi kùmọ̀ pamọ́ sẹ́yìn ara rẹ̀ bí ẹni tó jí ẹran.

"Kí ló dé tí o kò sọ?" ni àgbàlagbà náà bi mí.

"Ìyá ìyàwó mi ní kí n má sọ."

Ó wò mí títí. "Ìyá ìyàwó tèmi náà rí bẹ́ẹ̀." Kò rẹ́rìn-ín. "Bọ́ kákí yẹn. Àwọn mìíràn wà níwájú, wọn kò ní bi ọ́ ní ìbéèrè kankan."

Mo wo ojú ọ̀run. "Bàbá, bí mo bá bọ́ ọ, òjò yóò pa á. Òjò ló pa ọmọ tó ṣáájú."

Ó fi àdá gé ewé kókò lẹ́bàá odò kékeré kan, ewé tó fẹ̀ bí atẹ, ó pín in fún àwọn èèyàn rẹ̀. Wọ́n tò yí kẹ̀kẹ́ ká, wọ́n to ewé léra wọn bí òrùlé sórí ìyàwó mi. Mo bọ́ kákí, mo jù ú sínú igbó. Èmi di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, wọ́n ń tì í lẹ́yìn, àgbàlagbà ń sáré níwájú, ó ń ké sí àwọn tó wà nínú igbó kí wọ́n tó yọ sí wa. Níbi ìdínà kejì, gbólóhùn kan ló sọ, wọ́n sì gbé igi kúrò. Ìyàwó mi kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Nígbà tí a fi máa wọ Àgbowó, àwọn ará àdúgbò ti ń ti ilẹ̀kùn, wọ́n rò pé ogun ti dé. Agbẹ̀bí jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wo àdá, ó wo kùmọ̀, kò sún sẹ́yìn.

"Èwo nínú yín ló ni aboyún?"

Gbogbo kùmọ̀ náà nà sí mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Wọ́n gbé e wọlé. A dúró níta. Omi ń kán láti orí ewé ọwọ́ wọn. Ó pẹ́, ó pẹ́ gan-an, kí igbe kan tó jáde, igbe tín-ín-rín. Ó dákẹ́. Àgbàlagbà náà ṣí fìlà rẹ̀. Igbe náà tún jáde, ó kún.

"Obìnrin ni," ni agbẹ̀bí wí láti ojú fèrèsé. "Ìyá náà wà dáadáa."

Àgbàlagbà náà dé fìlà rẹ̀. "Má gba ọ̀nà wa padà títí ìjà yìí yóò fi parí," ló wí fún mi. "Bí n kò bá sí níbẹ̀, wọn kò ní mọ̀ ọ́."

Wọ́n yí padà, wọ́n lọ sínú òjò. Mo jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ mi tó ti wú, mò ń retí ìyá ìyàwó mi, mò ń gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń ké. Mi ò fẹ́ kó dákẹ́.